Orí Kẹrin: Éjẹ́ǹtì Ìwé Kì Í Ṣe Éjẹ́ǹtì Ilé

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni ọmọkùnrin kan wá bá mi ní Agége, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pen Cinema, pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé mẹ́rin tó fi rọ́bà dè pọ̀. Kọ́ńpìnì kan ní Ọba Akran ló ti ń ṣiṣẹ́ náìtì. Ibẹ̀ náà ló ti kọ ìtàn tó wà nínú wọn, ní wákàtí kan tí wọ́n fi ń sinmi lóru, lórí páálí tí wọ́n to ọjà sí. Gírísì ṣì wà lẹ́yìn ìwé kejì. N kò tíì ṣí ọ̀kankan nínú wọn tó fi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ éjẹ́ǹtì kankan? Mo ti ń dá owó ẹ̀ jọ."

Owó ẹ̀ kẹ̀! Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí orí yìí gùn ju bí mo ṣe pète rẹ̀ lọ. Ní agbègbè wa yìí, láti Ìkẹjà dé Agége, ẹni tó bá gbọ́ éjẹ́ǹtì, éjẹ́ǹtì ilé ló ń wá sí i lọ́kàn. A sì mọ ìṣe wọn. Wàá san owó fọ́ọ̀mù, wàá san owó ìwolé kí wọ́n tó ṣí géètì fún ọ, ilé tí wọ́n mú ọ lọ wò lè máà jẹ́ èyí tí wọ́n júwe. Lọ́jọ́ tó o bá wá rí yàrá gbà, wàá san ti éjẹ́ǹtì, wàá san ti àgíríìmẹ́ǹtì, gbogbo rẹ̀ lórí owó ilé. Ohun tí ọmọkùnrin yìí ń dá owó jọ dè nìyẹn.

Éjẹ́ǹtì ìwé kì í gba owó ìwolé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé ìtàn rẹ lọ bá àwọn olóòtú nílé-iṣẹ́ tó ń gbé ìwé jáde, kó bá wọn ná an, kó yẹ ìwé àdéhùn wò, kó sì máa gba owó rẹ wá fún ọ níwọ̀n ìgbà tí ìwé náà bá ṣì ń tà. Nínú owó tó bá wọlé ló ti ń yọ tirẹ̀: 15 nínú 100 ló wọ́pọ̀ tó bá tà á nílẹ̀ tirẹ̀, 20 nínú 100 tó bá tà á sí ilẹ̀ mìíràn tàbí fún àwọn tó fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn. Tí kò bá rí i tà, kò sí kọ́bọ̀ fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní éjẹ́ǹtì, tó ní kó o san owó kí òun tó ka ìtàn rẹ, tàbí owó ìforúkọsílẹ̀, tàbí owó olóòtú tí òun fúnra rẹ̀ yàn fún ọ, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe.

Kí ló wá dé tí éjẹ́ǹtì ìwé ò fi pọ̀ ní Èkó? Ìṣirò ni. Ká ní wọ́n gbé ìwé rẹ jáde níbí, tí wọ́n ń tà á ní ₦6,000. Róyátì tó wọ́pọ̀ kò jìnnà sí 10 nínú 100, ìyẹn ₦600 lórí ẹyọ kan. Ká ní 1,000 tà, èyí kì í sì í ṣe kékeré fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí, ₦600,000 ni tìrẹ. Ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ ₦90,000, bóyá lẹ́yìn ọdún méjì tí éjẹ́ǹtì ti ń sáré kiri. Éjẹ́ǹtì ilé tó bá fi fúláàtì kan ṣoṣo han èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Allen á pa ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ìdí nìyẹn tí àwọn éjẹ́ǹtì ìwé fi kó jọ sí London àti New York, níbi tí owó àsansílẹ̀ ti pọ̀ tó láti bọ́ wọn. Àwọn díẹ̀ wà lókè òkun tí ojú wọn wà lára Áfíríkà. Emma Shercliff tó dá Laxfield Literary Associates sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bá Cassava Republic, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ìwé jáde, ṣiṣẹ́ ní Abuja rí. African Literary Agency wà ní Netherlands. Ó dára kí òǹkọ̀wé tuntun mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ mọ ibi tó fẹ́ kí ìwé òun ti jáde. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà nìkan lo ń wò, má wulẹ̀ da éjẹ́ǹtì láàmú, lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ìwé jáde fúnra rẹ.

Ta ló tẹ ìwé rẹ?

Èdè wa ò ràn wá lọ́wọ́ níbi èyí. Ẹni tó fi ẹ̀rọ tẹ ìwé ní Ṣómólú, a ní ó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó yan ìtàn náà láàárín ọgọ́rùn-ún, tó sanwó olóòtú, tó sanwó ẹ̀yìn ìwé, tó sanwó ẹ̀rọ, tó kó ìwé lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tó tún ń fún òǹkọ̀wé lówó, òun náà la ní ó tẹ̀ ẹ́. Nínú orí yìí, púrẹ́ẹ̀sì ni mo máa pe ti àkọ́kọ́, mo sì máa pe ìkejì ní agbéwèéjáde. Ọ̀nà tó yá jù láti dá wọn mọ̀ ni kó o wo ibi tí owó ń gbà. Púrẹ́ẹ̀sì, ìwọ lò ń sanwó fún un. Agbéwèéjáde, òun ló ń sanwó fún ọ. Èyí tó wà láàárín, tó ń pe ara rẹ̀ ní agbéwèéjáde tó sì ń gba owó púrẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ rẹ pẹ̀lú èrè lórí, òun ló ń jẹ àwọn èèyàn wa run.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn. Mo sanwó 1,000 ìwé fún àwọn kan tí n kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n fún mi ní káàdì pẹlẹbẹ, wọ́n ya fọ́tò mi, wọ́n pè mí ní òǹkọ̀wé wọn. Oṣù kejì lẹ́yìn ìfilọ́lẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi o. Baba tẹ́ ẹ sin lójú-ewé 78, báwo ló ṣe tún jókòó tó ń jẹ ẹ̀bà?" Mo mú ìwé kan, mo ṣí i. Lẹ́yìn ojú-ewé 80, ojú-ewé 65 ló tún wà níbẹ̀. Ìdìpọ̀ olójú-ewé mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ni wọ́n máa ń ká ìwé sí kí wọ́n tó gún un pọ̀. Ẹni tó ń tò ó mú ìdìpọ̀ karùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, kò mú ìkẹfà rárá, nítorí náà ojú-ewé 81 sí 96 kò sí. Ó lé ní 300 ìwé tó rí bẹ́ẹ̀. Mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn ti parí iṣẹ́ tàwọn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni páálí ìwé náà wà títí eku fi dá sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ tẹ̀wé kò ṣẹ̀ o. Helon Habila ń ṣiṣẹ́ oníròyìn ní Èkó nígbà tó fúnra rẹ̀ tẹ àkójọ ìtàn kékeré kan, Prison Stories, ní 2000. Ó mú ìtàn kan nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìdíje Caine Prize, ó gbà á ní 2001. Ìgbà yẹn làwọn agbéwèéjáde ní London àti Amẹ́ríkà wá mọ orúkọ rẹ̀, ìwé kékeré yẹn ló sì di Waiting for an Angel ní 2002. Ohun tí Habila ń wá lọ́dọ̀ púrẹ́ẹ̀sì yé e, ìyẹn ẹ̀dà ìwé tó lè fi wọ ìdíje. Tí irú rẹ̀ bá jẹ́ tìrẹ, lọ gba ISBN lọ́dọ̀ National Library of Nigeria kí ẹ̀yìn ìwé tó wọ ẹ̀rọ, sì fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn tí ìwé bá ti jáde, òfin 1970 tó dá wọn sílẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní púrẹ́ẹ̀sì, sọ pé o fẹ́ rí dọ́mì, ìyẹn ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ wò, kó o ka gbogbo ojú-ewé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá kó páálí jáde, mú ìwé kan láti inú páálí kọ̀ọ̀kan, wo ojú-ewé rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ níwájú wọn. Ìgbà yẹn ni kó o tó san owó tó kù.

Àwọn tó wà nítòsí wa

Ẹni tó bá ń gba Ọba Akran kọjá lójoojúmọ́ mọ òórùn ọtí tó ń ti ọ̀nà Guinness fẹ́ wá. Bóyá kò mọ̀ pé ilé agbéwèéjáde kan wà lójú ọ̀nà kan náà, ní nọ́ńbà 52. Longman Nigeria ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, Learn Africa ló ń jẹ́ báyìí. Longman ló gbé Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí jáde ní 1969, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Lápàdé ti ń lé àwọn jàgùdà kiri. Ní Orẹ́gùn, Literamed wà níbẹ̀ tó ń gbé Lantern Books jáde fún àwọn ọmọdé. Kí inú rẹ má tíì dùn jù. Ìwé ilé-ìwé ló ń bọ́ irú àwọn ilé-iṣẹ́ báyìí. Ohun tí olóòtú wọn máa bi ara rẹ̀ ni pé, ṣé ìjọba lè fi ìwé yìí sínú ìwé kíkà fún ọmọ SS2? Tí ìtàn rẹ bá jẹ́ ti aṣẹ́wó kan lẹ́yìn pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà, bó ti wù kó dùn tó, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ.

Àwọn tó ń wá ìtàn àròsọ àgbàlagbà kéré sí wọn, wọ́n sì tún kéré lọ́jọ́ orí. Muhtar Bakare bẹ̀rẹ̀ Farafina ní 2004. Bibi Bakare-Yusuf àti Jeremy Weate dá Cassava Republic sílẹ̀ ní Abuja ní 2006. Parrésia tó dé ní 2012, Allen Avenue ni àdírẹ́sì tó wà nínú ìwé wọn. Ouida ti Lola Shoneyin wà, Narrative Landscape wà, Masobe wà. Wọn kì í gba ìtàn ní gbogbo ìgbà. Àwọn míì á ṣí ilẹ̀kùn fún oṣù díẹ̀, wọ́n á tún tì í. Tó o bá fi ránṣẹ́ nígbà tó wà ní títì, ó lè máà sí ẹni tó máa ṣí i. Rí i pé o ti ka ìwé wọn bíi méjì, ó kéré tán. Ọmọkùnrin Ọba Akran yẹn fẹ́ fi ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó jẹ́ pé ìwé oúnjẹ àti ìwé àdúrà nìkan ni wọ́n ń gbé jáde.

Nígbà tó o bá ń ka ìwé àwọn ẹlòmíràn, má fo ojú-ewé ìdúpẹ́. Ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti máa ń dárúkọ éjẹ́ǹtì rẹ̀ àti olóòtú rẹ̀. Dúró ní ṣọ́ọ̀bù ìwé, ṣí ìwé mẹ́wàá tó jọ tìrẹ, kọ orúkọ wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Tó o bá ṣe é dáadáa, wàá rí i pé orúkọ kan náà ń padà wá. Clare Alexander ni éjẹ́ǹtì Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, òun náà ni ti Oyinkan Braithwaite. Éjẹ́ǹtì tí o kò bá rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé kankan tó ṣeé fọwọ́ kàn, bi í léèrè ohun tó ti tà rí.

Kí o tó kàn sí éjẹ́ǹtì tàbí agbéwèéjáde pẹ̀lú odidi ìtàn, ó dára kí wọ́n ti rí ìtàn kékeré rẹ níbì kan. Oyinkan Braithwaite ti wà lára àwọn tó dé ìpele àṣekágbá nínú ìdíje ìtàn kúkúrú ti Commonwealth ní 2016, ọdún méjì kí My Sister, the Serial Killer tó jáde. Ìtàn tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ fi wọ ìdíje Kwani? ní Kenya ní 2013, èyí tó wà fún iṣẹ́ tí wọn ò tíì tẹ̀, ló di Stay With Me ní 2017. Tún máa lọ síbi àpéjọ àwọn òǹkọ̀wé. Lọ́dún 2018 tí Aké Festival kúrò ní Abẹ́òkúta wá sí Èkó, hòtẹ́ẹ̀lì Radisson ní GRA Ìkẹjà ni wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì láti Agége á dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Irú ibẹ̀ yẹn lo ti lè rí olóòtú tó ń jẹ pọ́fpọ́f bíi tìrẹ. Kí i, sọ orúkọ rẹ, bi í léèrè ìgbà tí wọ́n máa ń gba ìtàn. Má ṣe yọ ìwé jáde nínú báàgì. Mo ti rí ẹni tó lé olóòtú kan dé ẹnu ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ohun tí wàá fi ránṣẹ́

Lẹ́tà ojú-ewé kan, àkékúrú ìtàn lójú-ewé kan tàbí méjì, orí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè nìyẹn, ṣùgbọ́n ka ohun tí ẹni tó ò ń fi ránṣẹ́ sí kọ, nítorí òmíràn lè ní ojú-ewé mẹ́wàá péré lòun fẹ́. Parí odidi ìtàn náà ná. Tí wọ́n bá fẹ́ràn orí mẹ́ta, ìyókù ni wọ́n máa béèrè, tí o kò bá ní in nílẹ̀, ojú á tì ọ́. Ìtàn àròsọ àgbàlagbà tó wà láàárín 70,000 sí 100,000 ọ̀rọ̀ kì í dẹ́rù bà wọ́n. Tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé A4, kí ìlà jìnnà síra, kí nọ́ńbà wà lójú-ewé kọ̀ọ̀kan.

Lórí ọ̀rọ̀ títẹ̀ yìí: ọmọkùnrin náà fẹ́ kó ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Ọgbà kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dúró ná. Chinua Achebe náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1957. Ó rí ìpolówó àwọn tó ń fi táípù tẹ ìwé fún èèyàn ní London, ó fi ẹ̀dà kan ṣoṣo tó ní, tó fi ọwọ́ kọ, ránṣẹ́ sí wọn nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ó tún fowó tẹ̀ lé e. Wọ́n dákẹ́. Oṣù ń gorí oṣù. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nílé-iṣẹ́ rédíò, Angela Beattie, tó lọ sí London fún ìsinmi, tó sì lọ kojú wọn lọ́fíìsì wọn. Igun kan ni wọ́n ti rí i tí eruku ti bò ó. Things Fall Apart ni ìwé náà. Heinemann gbé 2,000 rẹ̀ jáde ní 1958. Èèyàn lè rò ó títí, ká ní obìnrin yẹn ò gba ìsinmi lọ́dún náà ńkọ́. Nítorí náà, ya fọ́tò gbogbo ojú-ewé kó o tó fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lo fi kọ ọ́, fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara rẹ ní gbogbo alẹ́. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Computer Village lè yọ ìtàn jáde nínú kọ̀ǹpútà tó ti kú. Wọ́n sì lè máà rí i yọ.

Ó kan lẹ́tà. Bí a ṣe ń kíni nílé la fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Èyí tí ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ń sọ nìyí: "Ọ̀gá mi ọ̀wọ́n, mo kí yín kú iṣẹ́, ìrètí mi ni pé lẹ́tà yìí á bá yín láyọ̀ àti àlàáfíà. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ìwé kíkọ. Ìtàn mi yìí dá lórí ìfẹ́, ọ̀dàlẹ̀, ìṣẹ́ àti ìrètí, gbogbo ayé ló sì máa wúlò fún." Ìkíni dára láàárín àwa àti ara wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ogójì lẹ́tà kó tó jẹun ọ̀sán, ó ti dé ìlà kẹrin, kò tíì mọ ẹnì kan nínú ìtàn náà. A jókòó tì í. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu, mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́:

"Rìsíkátù ń ṣiṣẹ́ náìtì ní kọ́ńpìnì bisikíìtì kan ní Ìkẹjà. Lóru ọjọ́ tí ẹ̀rọ gé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀gá ní kó buwọ́ lùwé pé òun ò rí nǹkan kan. Ó buwọ́ lù ú. Ìwé yìí, 82,000 ọ̀rọ̀, jẹ́ ìtàn ọdún kan tó tẹ̀ lé e."

Lẹ́yìn ìyẹn, gbólóhùn kan nípa ìdí tó fi yan éjẹ́ǹtì yìí gan-an, gbólóhùn méjì nípa ara rẹ̀. Ó fẹ́ fi í pa mọ́ pé òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnì lòun. Mo ní kó gbé e sókè. Ta ló tún fẹ́ kó kọ ìtàn Rìsíkátù?

Nínú àkékúrú, sọ ìparí ìtàn. Má ṣe kọ ọ́ pé "kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí Rìsíkátù? Ẹ ra ìwé náà." Ẹni tó fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fẹ́ tà.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé wọ́n á jí ìtàn àwọn. Ìgbà tó o ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni òfin ti mọ̀ pé tìẹ ni. Òfin tuntun tó dé lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022, ní ó máa jẹ́ tìẹ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ. Tó o bá fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀, lọ bá Nigerian Copyright Commission. Olè tí mo mọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí kì í jí ìtàn tí kò tíì lókìkí. Ẹni tí ìwé rẹ̀ ti ń tà ni wọ́n ń jí ti ẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n ń gbé kiri nínú gósíló.

Fi ránṣẹ́ sí èèyàn bíi mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ọgọ́ta. Ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, kọ orúkọ, ọjọ́ tó o fi ránṣẹ́, ohun tó o fi ránṣẹ́, ìdáhùn. Oṣù kan àtààbọ̀ sí oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó dáhùn kì í ṣe ìwọ̀sí. Tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá kọ̀ láìsọ̀rọ̀, lẹ́tà ni kó o tún ṣe. Tí wọ́n bá béèrè ìyókù tí wọ́n wá kọ̀, ìtàn ló kù díẹ̀ káàtó.

Amos Tutuola ò mọ gbogbo èyí. Mẹ́séńjà ni nílé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ó rí ìpolówó àwọn onígbàgbọ́ kan tó ń gbé ìwé jáde ní London, ó fi ìtàn ọ̀mu rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Wọn kì í gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde rárá. Ṣùgbọ́n ẹnì kan níbẹ̀ kà á, kò dà á nù, ó fi í ṣọwọ́ sí Faber and Faber, The Palm-Wine Drinkard sì jáde ní 1952. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gbẹ́kẹ̀ lé e. Àwọn tó ń fi ìtàn tó ṣìnà ṣọwọ́ fún ẹlòmíràn ti tán.

Ìwé àdéhùn

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Èkó á tètè lóye èyí. Ìtàn rẹ dà bí ilẹ̀ ẹbí tó gba pílọ́ọ̀tì púpọ̀. Pílọ́ọ̀tì kan ni títà á ní Nàìjíríà. Òmíràn ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn ni Amẹ́ríkà, òmíràn ni kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n kà á sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n fi ṣe fíìmù. Agbéwèéjáde tó bá kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé gbogbo ayé, gbogbo èdè, gbogbo ọ̀nà, odidi ilẹ̀ ló ń rà ní owó pílọ́ọ̀tì kan. Wo bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣe é. Algonquin gbé Purple Hibiscus ti Chimamanda Adichie jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003, Farafina gbé e jáde nílé ní 2004. Season of Crimson Blossoms ti Abubakar Adam Ibrahim, Parrésia ló gbé e jáde níbí ní 2015, Cassava Republic gbé e jáde ní London lọ́dún kejì, ọdún yẹn náà ló gba ẹ̀bùn NLNG tó jẹ́ 100,000 dọ́là. Nílé ló ti bẹ̀rẹ̀. Bíbẹ̀rẹ̀ nílé ò dí ọ̀nà òkè òkun, àfi tó o bá ti tà á mọ́ ọn.

Ti fíìmù nìkan tó àpẹẹrẹ. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú ní 1974. Ọdún 1997 ni Túndé Kèlání fi ṣe fíìmù, ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn náà. Ta ló lè mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń buwọ́ lùwé?

Wá gbólóhùn tó sọ pé tí ìwé bá ti tán lórí àtẹ, tí wọn ò sì tún un tẹ̀ láàárín iye oṣù kan, kó padà di tìẹ. Tí kò bá sí níbẹ̀, sọ pé kí wọ́n fi sí i. Wá èyí tó sọ iye ìgbà tí wọ́n máa fi ìṣirò hàn ọ́ lọ́dún. Wò ó bóyá orí owó tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé ni wọ́n ti ń ṣírò róyátì tàbí orí owó tó délé lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀bù ti yọ tirẹ̀, nítorí ìyàtọ̀ rẹ̀ lè tó ìdajì. Tí o kò bá ní éjẹ́ǹtì, san owó fún lọ́yà kan kó kà á. Tó bá jẹ́ agbéwèéjáde lo lọ bá, owó yẹn nìkan ni mo fọwọ́ sí kó o san.

Tó bá jẹ́ Yorùbá lo fi kọ ọ́

Éjẹ́ǹtì ò sí lójú ọ̀nà yẹn, ọ̀nà náà sì ti pẹ́. I. B. Thomas fi lẹ́tà Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láti 1929 dé 1930, àwọn tó ń kà á gbà pé obìnrin náà wà láyé ní ti gidi, kí ó tó kó o pọ̀ di ìwé. Ìwé Fágúnwà bọ́ sí ọwọ́ CMS, ilé-iṣẹ́ ìwé àwọn míṣọ́nnárì, ní 1938. O lè fi ìtàn lọ ìwé ìròyìn báyìí náà, ní apá-apá. Tó bá jẹ́ ìtàn tí ọmọ ilé-ìwé lè kà, ojú Ọba Akran tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tàbí àwọn tó wà ní Ìbàdàn ni kó o kọjú sí. Ẹgbẹ́ Àtẹ́lẹwọ́ ń fún iṣẹ́ tí wọn ò tíì tẹ̀ lédè Yorùbá ní ẹ̀bùn. Má fi ẹ̀tọ́ ìtúmọ̀ sílẹ̀ o. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà jáde ni ìtúmọ̀ tí Ṣóyínká ṣe jáde.

Ọmọkùnrin Ọba Akran fi ìtàn tirẹ̀ ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́fà. Àwọn méjì kọ̀, ọ̀kan béèrè odidi ìtàn, àwọn mẹ́ta ò tíì sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ní aago méjì òru tó ń sinmi. Ẹnì keje kan tí kò kọ̀wé sí rí ló kọ̀wé sí i. Ẹni náà ní òun gbọ́ nípa ìtàn rẹ̀, ó wu òun gidi gan-an, kó fi ₦45,000 ránṣẹ́ kí òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìlà kan ṣoṣo lọmọ náà kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, owó ìwolé ti dé o."